Ọ̀rá Àgbò Iléyá

"Ẹ jẹ́ n mí ná." Ohun tí ìyáálé mi máa ń sọ nìyẹn tó bá ti oko dé. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀, gbogbo ilé á sì dúró dè é. Ìgbéraga ni mo pè é.

Ní Ṣakí, nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó bá sanra ni ayé ń yẹ́ sí. Ọkọ wa á wò ó, wọ́n á ní, "Ara ọlá rèé." Èmi ń jẹyán títí, egungun mi ò kúrò níta. Tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, òun ló ni ọ̀rá, èmi ni mo ni egungun ìhà.

Lọ́jọ́ kan ó dákú lórí àpótí yẹn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀rá àti iyọ̀ mọ́. Rédíò ti wá ń sọ ọ́ báyìí pé ọ̀rá ikùn kì í jókòó lásán, ó ń da oje sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà ló ń ba iṣan àti ọkàn jẹ́.

Nígbà tí Iléyá tún dé, ọkọ wa kó gbogbo ọ̀rá náà fún mi. Mo dín in, mo bù ú sáwo, mo lọ pe ọkọ wa kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Yàrá ìyáálé mi ni mo ti bá wọn, tí wọ́n ń bá a jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nínú àwo kan ṣoṣo.

"Ọbẹ̀ aláìníyọ̀ yìí ti mọ́ mi lára," ni ọkọ wa wí.

Mo padà sídìí ọ̀rá mi. Ó ti dì.