Osùn Lára Ògiri Ààrò

Títí di òní, bí mo bá gba ọ̀nà tó ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wọ àárín ìlú Sakété, imú mi ṣì máa ń wá òórùn búrẹ́dì. Ọkọ̀ ojú irin ò sí mọ́, koríko ti bo irin rẹ̀, ṣùgbọ́n imú ò gbàgbé. Òórùn ìyẹ̀fun tó ń pọ́n nínú ààrò amọ̀ ni, pẹ̀lú èéfín igi àti èèpo ekùrọ́ tí a fi ń dáná, àti òórùn ẹmu ọ̀pẹ díẹ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹmu ni a fi ń mú kí ìyẹ̀fun wú láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ láàárọ̀ kì í béèrè ọ̀nà ilé ìyá ọkọ mi. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe ìyàwó tuntun ládùúgbò yẹn, ẹ ó rántí bí àwọn ìsọ̀ ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Aránṣọ ló kọ́kọ́ wà, ẹni tó ti ránṣọ fún àwọn òyìnbó ní Àjàṣẹ́ rí, tó gbọ́ Faransé, tí kì í sì í yọ okùn ìwọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, pẹ̀lú agbada omi dúdú kan tó ń ri táyà sí kó lè mọ ibi tó ti jò. Ìyá oníyọ̀ tẹ̀ lé e, tó ń ta iyọ̀ àti epo òyìnbó, tó sì mọ ọ̀rọ̀ ilé gbogbo ènìyàn ju ẹni tó ni ín lọ. Ní òdìkejì wọn ni tiwa wà: ilé alámọ̀ onípáànù, ààrò ribiti kan nínú rẹ̀, tó ya ẹnu sí ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ kí èrò.

Ààrò yẹn, baba ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́ kó tó kú. Amọ̀ inú ògán, iyọ̀, àti ìgò tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ó pò pọ̀, láti ìgbà ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀ ló sì fi ṣe é. Ìyá ọkọ mi ti kọ́ iṣẹ́ náà ní ìhà Nàìjíríà nígbà tó wà lọ́mọge, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní búrẹ́dì bíi tiwọn, a kì í pè é bíi ti Faransé. Àwọn ará Yoko ń rà á bí wọ́n bá wá ná ọjà, àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà lọ sí ìsìn ń rà á bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ilé àdúrà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo pupa ní Pobè, ọjọ́ Sátidé ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la ń gbélé, mo sì wà nínú oyún àkọ́bí mi.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, mo ní láti kọ́kọ́ sọ ti àwọn tó ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ní ọdún kan ṣáájú, wọ́n ń wọ ilé kiri, wọ́n ń ní kí a kó gbogbo ẹrù síta kí wọ́n lè fín oògùn sára ògiri. Ilé tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á fi ẹfun fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n gbàgbé láti fà á sí tiwa. Nígbà tí àwọn mìíràn dé lọ́jọ́ kejì, wọn ò rí àmì, a sì tún kó ẹrù síta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí a ti pò wà nínú oòrùn títí ó fi kan. Ìyá fúnra rẹ̀ ló kó o dà sí ààtàn. Láti ìgbà yẹn ni èmi ti mọ̀ pé ilé tó lálàáfíà ni ilé tó ní àmì.

Ó tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sọ àsíá àwọn Faransé kalẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan dé sí ọ̀nà wa. Wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dání, tó ní gíláàsì lórí, ọ̀kan nínú wọn a fi ojú kan wò ó, èkejì a ta okùn, ẹ̀kẹta a ti ọwọ́ bọ garawa ọ̀dà pupa. Wọ́n kọ àmì sára ìsọ̀ aránṣọ: igi méjì tó dábùú ara wọn, àti ohun kan tó dà bí ìkọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí òpó alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ti ìyá oníyọ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná àti omi tútù, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò kọ nǹkan kan.

Ìyá ò sí nílé. Ó ti lọ sí Yoko láti ra igi ìdáná. Mo sáré lọ bá aránṣọ pé kí ni ìtumọ̀ àmì náà. Kò bi àwọn ọkùnrin náà léèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Faransé kò ní sọ pé òun ò mọ̀. Ó tún okùn ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní ìjọba tiwa-n-tiwa ló ń kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, pé ohun tó wà nísàlẹ̀ àmì yẹn ni nọ́ńbà ìsọ̀ òun. "Àwa ti wà nínú ìwé," ló wí.

Ìyá oníyọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó oníbúrẹ́dì, àfàìmọ̀ kí búrẹ́dì tóo fún wọn má kéré jù."

Mo padà sílé, mo jókòó ti ààrò. Ìyẹ̀fun ọjọ́ ẹfun yẹn ni mò ń rí. Mo ronú pé bí àwọn mìíràn bá dé lọ́la tí wọn ò rí àmì wa ńkọ́? Osùn tí ìyá ọkọ mi ti lọ̀ sílẹ̀ de ọmọ tó wà nínú mi wà nínú ìkòkò kékeré kan lókè àjà. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo bu epo pupa sí i kó lè dì mú, mo sì ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́. Mo wo ti aránṣọ dáadáa, mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, tòun ti ìkọ́ abẹ́ rẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, mo jẹ́ kí tèmi tóbi díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìyá dé pẹ̀lú igi lórí, ó dúró, ó wò ó. Ó ní, "Wọ́n ti kọ tiwa náà?"

Mo ní, "Wọ́n ti kọ ọ́, Ìyá."

Gbólóhùn kékeré yẹn, ó wúwo nínú mi ju oyún lọ nígbà tó yá. Nítorí kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ olórí àdúgbò fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, pé ọ̀nà ọlọ́dà ń bọ̀, pé ibikíbi tó bá ní àmì pupa, kí àwọn tó ni ín tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Ìyá oníyọ̀ di iyọ̀ rẹ̀ sínú àpò. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká páànù ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ Faransé mọ́.

Ìyá ọkọ mi ò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé orí ààrò náà bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ní ìsọ̀ ṣeé kó, ẹ̀rọ ìránṣọ ṣeé rù, ṣùgbọ́n kò sí orí tó lè ru ààrò. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Igana pé kó wá ilẹ̀ díẹ̀ fún òun, pé oko lòun ń bọ̀ wá ro. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ kejì, a ò po ìyẹ̀fun. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n yí padà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè rin ogún ọjọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á dá mi padà sílé bàbá mi pẹ̀lú oyún. Mo wá rò ó pé bí mo bá fọ àmì náà kúrò, ọ̀rọ̀ á tán láìsọ. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, tí Ìyá lọ pọnmi, mo mú kànrìnkàn àti ọṣẹ. Ṣùgbọ́n amọ̀ ti mu osùn àti epo, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń ṣàn wálẹ̀, títí àmì kékeré fi di pupa tó fẹ̀ bí ẹní.

"Kí lò ń fọ̀ lára ògiri mi?"

Ẹ̀yìn mi ni Ìyá wà, omi lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ náà, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹfun, ọ̀rọ̀ aránṣọ, ẹ̀rín ìyá oníyọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó sọ omi kalẹ̀. Ó fi ìka kan ògiri, ó gbé e sí imú.

"Osùn ni," ló wí. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. "Osùn ọmọ mi."

Mo ń retí pé kó ní kí n lọ di ẹrù mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé búrẹ́dì kankan ṣẹ́kù?" Mẹ́rin ló kù, wọ́n ti gbẹ. Ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó ní kí n lọ ṣan ọwọ́ mi. "Ẹnu tó parọ́ fún mi náà ni yóò lọ sọ òótọ́ fún wọn."

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà pàgọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, lọ́nà tó lọ sí Pobè. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́fù, jẹ́ ọmọ Gun láti Àjàṣẹ́. Ìyá kí i ní èdè Gun, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi. Mo sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó béèrè pé, "Ìwọ ló kọ ọ́? O tún kọ nọ́ńbà sí i?" Mo ní mi ò mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ, ti aránṣọ ni mo wò kọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí garawa. Mo ní kó má bínú, gbogbo wa la rò pé àmì náà dára. Ó ní, gbogbo yín? Kí wá ni àwọn tó kù ń ṣe báyìí?

Ìyá dá a lóhùn. Ó ní aránṣọ ti ká páànù rẹ̀ tán, ìyá oníyọ̀ ti kó iyọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ọ̀la ni wọ́n á wó ògiri wọn.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó dé fìlà, ó mú okùn ìwọ̀n, ó sì tẹ̀ lé wa.

Iwájú gbogbo àdúgbò ló ti ṣàlàyé rẹ̀. Àmì náà ò sọ pé kí wọ́n wó ilé. Ó kàn sọ pé ọ̀nà kan ibẹ̀ ni, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ bí ohun tí ọ̀nà máa gbà ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ náà ti gé kù láti ẹnu dé ẹnu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ta okùn: ìta ìsọ̀ aránṣọ nìkan ni yóò lọ, yàrá tó ti ń ránṣọ kò kan ọ̀nà rárá. Ti ìyá oníyọ̀, àtẹ̀gùn àti ibòji iwájú ni. Aránṣọ wo okùn ṣẹ́fù, ó wo okùn ọrùn ara rẹ̀, ìyá oníyọ̀ sì ní, "Ẹni tó ń wọn gbogbo wa, ìwọ̀n wà lára ògiri rẹ̀, ó pè é ní nọ́ńbà ìsọ̀." Aránṣọ fúnra rẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkàn wa ti fúyẹ́.

Ṣẹ́fù fi tiwa kẹ́yìn. Ó ta okùn, ó ṣe àmì sí ilẹ̀, ó ní ìṣísẹ̀ kan àti ààbọ̀ ló wà láàárín ọ̀nà àti ògiri wa. Nígbà tó lọ, Ìyá bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ gbé ọpọ́n ìyẹ̀fun wá.

Àtíbàbà alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ló lọ pátápátá, nítorí àárín ọ̀nà ló bọ́ sí. Ìyá fún un ní ẹ̀gbẹ́ ilé ààrò, ó gbé agbada omi rẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Òórùn ọ̀dà borí òórùn búrẹ́dì fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ní Onigbolo lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ́tò ibẹ̀ ń fi fèrè pè wá láti òkèèrè. Ara ògiri ṣì pọ́n nígbà náà. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé kí ló dé ibẹ̀, Ìyá a ní ibẹ̀ ni ìyàwó òun ti kọ́ ìwé.

Kí ọ̀dà tó gbẹ ni mo bí ọmọbìnrin mi. Ìyá fúnra rẹ̀ lọ osùn tuntun. Ó fi í pa ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Ibi tí osùn ń gbé nìyí." Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà sí mi bí ẹ̀sùn títí ó fi kú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ ohun tó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé kí wọ́n wó ilé. Ẹ̀rù pé wọ́n á kọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n fò wá ni. Ẹni tí kò mọ̀wé, bí a bá fò ó, yóò rò pé ìyà ni. Kò ní mọ̀ pé fífò tí wọ́n fò wá gan-an ni ìgbàlà ààrò wa.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn mìíràn tún dé, wọ́n ní ọ̀nà máa fẹ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ni, ọ̀dà wọn ń jáde láti inú agolo. Mo gbé àpótí mi síta kí ọ̀kan nínú wọn tó kan ògiri. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kọ, kí ló sì máa sọ fún wa?" Ọmọbìnrin mi tó dúró tì mí, tí ewú ti wà lórí òun náà, ní kí wọ́n tètè dáhùn, torí pé ìyá òun ní osùn nílé. Ọmọkùnrin náà gbé agolo rẹ̀ sílẹ̀, ó lóṣòó, ó sì fi ìka fa ìlà sínú iyẹ̀pẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ ọ yé. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó máa kọ ọ́.