Abẹ́ Ẹ̀gbà, Níbi Tí Ẹja Ń Yé Sí

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ ẹja pípa yóò bẹ̀rẹ̀ padà, mo máa bú u. Mo ti kìlọ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi ni àwọn àjẹ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà wà. Ikán ti ń jẹ wọ́n. Kó jẹ wọ́n tán.

Bàbá mi kò bí ọkùnrin, èmi obìnrin ló wá ń mú wọ ọkọ̀ láti kékeré. Ègùn ló máa ń sọ sí mi lórí omi, ó ní ọ̀sà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ohun tó kọ́ mi kò pọ̀. Ìka mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ ojú àwọ̀n; èyí tí ìka mẹ́ta kò bá wọ̀, àwọ̀n olè ni, ọmọ ẹja ni yóò máa kó. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí kọ̀rọ̀ kan lọ́nà Gbájì, níbi tí àwọn igi ẹ̀gbà ti yọ gbòǹgbò sókè lórí omi, bí obìnrin tó ká ìró sókè tó fẹ́ sọdá odò. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni epìyà ń yé sí. A kì í ju àwọ̀n níbẹ̀, a kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè.

Nígbà tí àwọn tó ń fa yanrìn dé, omi dàrú. Wọ́n gé ẹ̀gbà ibòmíràn kanlẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kó yanrìn sí. Kọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kù. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kú, kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ ká dá a sí. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní àárọ̀ Sátidé: tọkọtaya, ìyá àtọmọ, ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́. Ìdílé kan láti Èkìtì, tí bàbá ń ṣe tíṣà lápá Ọ̀tọ̀, wọ bàtà funfun wá. Mo ní ṣé ìgbéyàwó ni wọ́n wá ni. Kò pẹ́ tí bàbá náà fi jókòó sínú ẹrẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ayé ṣì dùn díẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn ni aládùúgbò mi kan, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí obìnrin náà dé, kò mọ àjẹ̀ dì mú; kò pẹ́ tó fi ń ju àwọ̀n, tí àwọ̀n sì ń ṣí bí agboòrùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti rí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ tí mo bá kú.

Ọjọ́ kan, mo kó gbogbo wọn lọ sí abẹ́ ẹ̀gbà. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wo inú omi. Ọmọ ẹja ṣù jọ síbẹ̀, wọ́n ń dán yinrinyinrin. Mo ṣàlàyé pé ibí yìí ni ẹja ọ̀sà wa ti ń wá, pé kí ẹnikẹ́ni má mú àwọ̀n débẹ̀ láé. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Aládùúgbò mi bi mí bóyá wọ́n máa ń pọ̀ tó báyìí nígbà gbogbo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tí òjò bá ti ń rọ̀. Èmi ò mọ ohun tó ń rò. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e burú fún wa. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti koríko ni àwọ̀n mi ń kó. Gààrì lásán ni mò ń mu, mo sì ń purọ́ fún ẹni tó bá bi mí pé inú ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, aládùúgbò mi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ síwájú mi. Mo ṣí i. Ọmọ epìyà díndín ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu; èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò gùn tó ìka mi. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ló fi kó wọn. Kò fi pa mọ́ rárá.

“Ìyá, ẹ ṣé,” ó ní. “Ọpẹ́lọpẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ fi ibẹ̀ hàn wá. Àwọn ọmọ yó lónìí.”

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ da abọ́ náà nù. Mo wá bi í bóyá ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti débẹ̀ ṣáájú òun, wọ́n ti gé ẹ̀gbà kí nẹ́ẹ̀tì lè rọ́nà kọjá, pé èyí tó kù lòun gbá jọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ní ó ṣeun, kó kí àwọn ọmọ.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti abọ́ náà, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo da omi sí gààrì. Mo mú ọ̀kan nínú ẹja náà, mo jẹ ẹ́ torí-torí, teegun-teegun, nítorí eegun wọn kò tíì le. Ó dùn. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán.