Gèlè Kì í Juwọ́ Sílẹ̀ fún Irùngbọ̀n

Mo rántí òórùn ìrẹsì tó ń jóná lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Òkòkómáíkò fẹ́ dá opó sójà kan lọ́lá gẹ́gẹ́ bí akọni obìnrin. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kó kó jáde ní bárékè Ọ̀jọ́, ó bá gba yàrá kan lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún tí omi òjò ya wọlé, ìpàdé mẹ́ta làwọn ọkùnrin ṣe lórí gọ́tà tó dí. Ṣọ́bìrì lobìnrin yìí gbé. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lẹ́yìn náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: kí wọ́n jẹ́ kó kan ìsọ̀ kékeré sétí gọ́tà tó kó. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n rò jáde.

Èmi ni mo ṣe báńà ayẹyẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo ti kọ́ èdè Ṣáínà fóṣù mẹ́ta, ọgbọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ agbárí mi. Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń yin obìnrin tó láyà: gèlè kì í juwọ́ sílẹ̀ fún irùngbọ̀n. Mo kọ ọ́ gàdàgbà lédè Ṣáínà, ládùúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kà á.

Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló jókòó sídìí tábìlì ọlọ́lá, kò sí gèlè kan níbẹ̀. Akọni wa wà ní ilé ìdáná, ó ń se ìrẹsì wọn. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi títí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága pe opó náà jáde, ó gbé àmì-ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́.

“Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tètè padà sídìí ìkòkò, ebi ń pa wá.”

“Alága, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ mi ńkọ́?”

“Háà! Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣọ̀rọ̀ obìnrin.”

Opó náà yíjú sí mi. “Bọ̀ọ̀dá Ṣáínà, kí lẹ ní gèlè kì í ṣe?”

“Kì í juwọ́ sílẹ̀, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó ti ilé ìdáná pa pẹ̀lú ìkòkò lórí iná, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó sì tú ìwé rẹ̀ síwájú alága. “Ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ jẹun.”

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí òórùn jíjóná tó dé ẹnu ọ̀nà, irùngbọ̀n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti fọwọ́ síwèé. Ta ló sáré wá bírò fún wọn? Èmi ni. Kì í ṣe nítorí akọni, nítorí ẹran inú ìrẹsì ni.

Ìsọ̀ náà ṣì wà létí gọ́tà dòní. Báńà mi ni opó náà fi ṣe òrùlé rẹ̀, ó gbé e dojú dé. Bí òjò bá ká mi mọ́bẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sá sí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta mi ti kọ́kọ́ wúlò fún ẹnikẹ́ni.