Orí Tí Màmá Ìsàlẹ̀ Fi Ọwọ́ Gbà

Tiransifọ́má ti ń kùn hùùù lábẹ́ tábìlì kí n tó sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Bí mo bá ti gbọ́ kíkùn yẹn, mo ti mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ti dé láti Ọsirélíà, pé Màmá Ìsàlẹ̀ ti kírun, ó sì ti gbé ọsàn mẹ́rin kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ.

"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan fún ọ?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

"Ó dáa. Jókòó."

Greenbelt, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, là ń gbé nígbà náà, nínú ilé alájà méjì kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́. Àwa wà lókè, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Màmá Ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo ti Ìbàdàn dé, màmá mi kì í sì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wà bí mo bá ti bọ́ọ̀sì ilé ìwé sọ̀ kalẹ̀. Yàrá rẹ̀ a máa rùn fún káńfọ̀ àti àlùbọ́sà díndín. Ní ọjọ́ kásẹ́ẹ̀tì, òórùn kẹta a dà mọ́ ọn, òórùn ewé kan tó mú bí òróró ìpara, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń há sínú àpò ìwé tó fi ń di kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tẹlifíṣàn tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí gbogbo ayé ń ra tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà láti kó lọ sílé, òun ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di tẹlifíṣàn àti fídíò láti Ìbàdàn wá sí Maryland. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Kásẹ́ẹ̀tì Ọsirélíà kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, tiwa ti Nàìjíríà ló bá a mu, tiransifọ́má ló sì ń sọ iná Amẹ́ríkà di irú iná tiwa fún un. Ọmọ rẹ̀, ẹnjiníà tó ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń rán lọ sójú ọ̀run, ti fi odidi ọjọ́ Àìkú kan jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì kan, kò rí ju ìlà tó ń sáré lójú tẹlifíṣàn lọ. Màmá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá òṣùpá sọ̀rọ̀, kásẹ́ẹ̀tì lásán ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́." Ló bá ránṣẹ́ sílé, ó ní kí wọ́n má ta ẹrù òun, òun ń bọ̀ wá gbé e.

Ìjọba ló rán an lọ sí Ọsirélíà nígbà èwe rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó wá lo ọdún mẹ́fà ní ìlú kékeré kan tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ibẹ̀ ló ti kó sí ìfẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Bọ́ọ̀lù náà gùn bí ìbẹ́pẹ. Pápá rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, òpó mẹ́rin ló dúró níkangun kọ̀ọ̀kan láìsí àwọ̀n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á, ẹni tó bá sì mọ fífò á gun èjìká ẹnìkejì láti hán an lójú ọ̀run. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó ńlá méjèèjì, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun bíi dókítà á ju àsíá méjì. Bó bá tàsé díẹ̀, àsíá kan. Màmá fẹ́ràn àsíá kan yẹn. Ó ní, "Wò ó, ẹni tó gbìyànjú kò lọ lọ́wọ́ òfo."

Ẹgbẹ́ tá à ń wò kì í ṣe ẹgbẹ́ olókìkí. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré yẹn ni: alápatà, olùkọ́, àwọn tí ń rẹ́ irun àgùntàn. Nọ́ọ̀sì kan tí òun àti Màmá jọ ṣiṣẹ́ ló ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ló sì ń fi kámẹ́rà ya eré náà. Wọ́n á to ọkọ̀ yí pápá ká. Bí ẹgbẹ́ ìlú bá jẹ góòlù, wọn kì í pàtẹ́wọ́, fèrè ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, páàà, páàà, títí tiransifọ́má wa pàápàá á fi dà bí ẹni tó ń gbè é.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé èmi a máa wo bọ́ọ̀lù, Màmá a máa wo ẹni tó ṣubú. Bọ́ọ̀lù lè ti dé òdìkejì pápá, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ tó wà nílẹ̀. "Dìde. Gbé apá yẹn. Ó dáa, ó lè gbé e." Bí wọ́n bá di báńdéèjì mọ́ ẹnìkan lórí tí wọ́n sì dá a padà sínú eré, tí fèrè ọkọ̀ ń dún, inú á bí i: "Ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń tẹ fèrè fún? Bí ẹṣin bá rọ lẹ́sẹ̀, ẹ ó pe dókítà ẹran. Bí ọmọ èèyàn bá ṣubú, ẹ ní akọni ni!" Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ìdí tí ó fi ń bá àwọn tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ jà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ọwọ́ dúdú tó fẹ̀, tó ti hun jọ.

"Ọwọ́ yìí ló gba orí wọn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tí ò ń wò yẹn."

Ẹni tó fẹ́ràn jù ni ẹni tó wọ nọ́ńbà keje, tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Ìwọ́ ló yí i lọ́rùn nígbà tí wọ́n ń bí i. Màmá ló tú u, òun ló fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ó fi ké. Lójú ẹsẹ̀ ló sọ ọ́ ní Òjó, nítorí orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú bọ̀ látọ̀run nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ òyìnbó. Mi ò mọ orúkọ mìíràn fún un títí dòní.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ bí eré ṣe parí kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé. Bí lẹ́tà bá dé pàápàá, abẹ́ agolo ṣúgà ló máa wà títí eré á fi tán.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ ìlú dé àṣekágbá. Ó ti pẹ́ gan-an tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Màmá ò sì sùn dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé eré náà, fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Màmá wà lórí ìrun. Mo gbé e. Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

"Màmá ní kí ẹ má sọ bó ṣe parí," mo yára wí.

"Kì í ṣe ti eré, ọmọ mi. Sọ fún un pé ọmọ yẹn—"

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Àyà mi wú bí ti ẹ̀ṣọ́ tó lé olè. Nígbà tí Màmá ká ẹní rẹ̀ tán, mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè, mo sì ti dá a lẹ́kun. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ṣínṣín kún ọwọ́ mi. Mi ò sọ gbólóhùn kejì yẹn fún un. Ṣínṣín náà dùn. Nígbà tó di alẹ́ ni gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú mi.

Ó rìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kásẹ́ẹ̀tì dé, lẹ́tà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sì dé lọ́jọ́ kan náà. Màmá fi lẹ́tà sábẹ́ agolo ṣúgà. A jókòó. Ó gé ọsàn sí ọ̀nà mẹ́rin mẹ́rin bí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ṣe ń jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ń sinmi, kì í ṣe bí a ṣe ń bó o nílé. Agolo ṣúgà ni mò ń wò.

Eré kù díẹ̀ kó parí, ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òjó fò sókè láti hán bọ́ọ̀lù, orókùn ẹnìkan bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Wọ́n da omi sí i lórí. Kóòṣì wọlé, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó tì í padà sínú eré. Ọkọ̀ ń pariwo. Òjó sáré síbì kan tí bọ́ọ̀lù kò sí, ó dúró, ó yí padà. Bọ́ọ̀lù wá bọ́ sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó ta á. Àsíá méjì! Eré parí. Ìlú borí!

Mo ti fò sókè kí n tó rántí. Màmá ò fò. Ó tẹ fídíò padà sẹ́yìn, ó tún un wò, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí kò mọ ibi tó wà."

Ìgbà yẹn ni ẹkún bú lẹ́nu mi. "Màmá, ó ní kì í ṣe ti eré. Ẹni tó pè lọ́jọ́sí. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọmọ yẹn... mo sì gé fóònù."

Kò wò mí. Ó gbé agolo ṣúgà kúrò, ó ya lẹ́tà náà, ó kà á lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka iṣẹ́ tí a rán an: Òjó ṣubú nílé lọ́jọ́ kejì eré. Wọ́n gbé e lọ sílùú ńlá, wọ́n la orí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀, kò sì rántí eré náà rárá. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kóòṣì sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò tíì lọ wò ó.

Màmá jókòó ti fóònù. Òwúrọ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní nọ́ńbà kóòṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Mo ti gbọ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ní bánkì, ní ilé ìwé wa, pẹ̀lú ohùn tó tẹ̀ ba. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo rán egbò iwájú orí rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé, o rántí?"

Ohùn ọkùnrin náà dún láti inú fóònù bí ohùn ọmọdé: "Bẹ́ẹ̀ ni, Sísítà."

"Kí o tó dá a padà sínú pápá, kí lo bi í? Ṣé o bi í pé ọjọ́ wo ló jẹ́? Ṣé o wo ojú rẹ̀?"

Ó gbé fóònù sí etí kejì.

"Mi ò pè láti bú ọ. Èmi náà wà ńbí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan fún mi, nítorí eré. Ìwọ pẹ̀lú mi la jọ jẹ̀bi. Dìde lónìí, kí o lọ jókòó tì í. Kò rántí eré náà. Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí o ti ṣàṣìṣe, má fò ó."

Ọkùnrin náà ń sunkún. Màmá dúró tì í lórí fóònù títí tó fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dára, ọmọ mi. Wẹ̀, kí o jẹun, kí o máa lọ."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, mo rò pé tèmi ló kàn. Ó pè mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú, àtàǹpàkò níbi ìpàkọ́, ìka yòókù létí, bí yóò ṣe ti gba orí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní òfin burúkú," ó ní. "Òfin náà ti kú lónìí. Bí fóònù bá dún, ìwọ gbọ́ ọ tán."

Ní ọdún kejì, kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé. Ẹnìkan wà nídìí òpó, ó wọ kóòtù funfun, irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Bí ẹgbẹ́ ìlú ṣe jẹ góòlù àkọ́kọ́, ó gbé àsíá méjì, ó rọra jù wọ́n bí ẹni tí apá rẹ̀ wúwo. Màmá Ìsàlẹ̀ dìde dúró níwájú tẹlifíṣàn Ìbàdàn rẹ̀, ó fi ẹnu tẹ fèrè: "Páàà! Páàà!" Omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti jáde láyé. Glenn Dale, tí kò jìnnà sí Greenbelt, ni mò ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi sì ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn. Bí wọ́n bá wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ eré á ti kún ẹnu wọn, wọ́n á fẹ́ kí n bi wọ́n ní iye góòlù tí wọ́n jẹ. Màá gbá orí wọn mú níkọ̀ọ̀kan, màá wo ojú wọn. Wọ́n ti mọ ìbéèrè mi, àwọn ló tiẹ̀ máa ń dáhùn kí n tó la ẹnu: "Kò sẹ́ni tó ṣubú, Mọ́mì." Ìgbà náà ni mo máa ń sọ pé, ó dáa, ẹ wá sọ bó ṣe parí fún mi.