Wọ́n ní maṣíìnì mi sọnù ni, olè kọ́

Ọlọ́pàá kan fẹ́ kí n parọ́ mọ́ maṣíìnì mi lónìí!

Olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Jeppestown, wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ mi lọ. Mo gba téṣàn lọ láti fẹjọ́ sùn.

Ọ̀gbẹ́ni yìí ní, "Eish, sister, olè jíjà ti ń dínkù lọ́dọọdún ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ó sọnù."

Mo ní, "Sọnù kẹ̀? Ṣé òun fúnra ẹ̀ ló já ágádágodo, tó fẹsẹ̀ rìn jáde?"

Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò kúrò níwájú ẹ̀ títí tó fi kọ ọ́ pé wọ́n jí i.

Tí wọ́n bá kéde pé olè ti pọ̀ sí i lọ́dún yìí, èmi ni mo bà á jẹ́ o.

Ta ni wọ́n tún ti ṣe báyìí fún?