Pèrègún Tí Ń Rìn Ní Oko Bàbá Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Ìyànà Ìyẹsí ṣì jẹ́ igbó tí à ń gbà kọjá lọ sóko, bàbá wa ṣe ohun kan tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ó pín oko rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń jẹun, tí ó ṣì ń rìn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọgbọ́n ni. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá pín ogún lójú ayé rẹ̀, wọn á máa wò ó bíi pé ó ti gbúròó nǹkan láti ọ̀run.

Ìdí-igi ló fi pín in, obìnrin kọ̀ọ̀kan, ìpín kan. Ìyálé àti àwọn ọmọ rẹ̀ mú apá odò, ìyá mi àti àwa mú apá ọ̀nà. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún sí ààlà níṣojú ẹbí.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi rí i pé pèrègún ń rìn. Èyí tó wà lẹ́yìn poro wa ti wọ àárín ẹ̀gẹ́ wa. Ó ní àwọn ọmọ ìyálé òun ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta. Àṣé ìyálé náà ń rí ohun kan náà lápá tirẹ̀, ìyá mi ló sì ń fura sí. Nínú ilé, wọ́n ń kí ara wọn dáadáa, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ìyá mi kì í jẹ́ ká jẹun ní yàrá ìyálé mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń pọ́n àdá tí kò níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidi pé àwọn ọmọ bàbá kan náà yóò ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi mú mi dání, ó ní òun ń lọ mú olè. Ìyálé náà ti jáde nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Ààlà ni wọ́n ti pàdé. Kálukú ti lanu láti pe èkejì lólè kí wọ́n tó rí bàbá wa tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń hú pèrègún.

"Ẹ̀ ń ṣọ́ ara yín, ẹ ò ṣọ́ mi," ni bàbá wí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń hú u lójú ààlà, tó ń tún un gbìn sínú apá méjèèjì, kí àyè kan lè ṣẹ́ kù láàárín. "Ti àwọn ọmọ mi obìnrin nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́ níwájú ẹbí, wọn á ní obìnrin nílé ọkọ. Bí ilé ọkọ bá wá dàrú ńkọ́?"

Ìyálé bí obìnrin, ìyá mi náà bí obìnrin. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bá bàbá pa àṣírí náà mọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fúnra wọn bí ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí bàbá kú, àwọn méjèèjì ló jọ dúró lórí ilẹ̀ yẹn tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ìjọ ńlá dé, tí yunifásítì dé, tí ọ̀nà Ìdírókò di plọ́ọ̀tì. Àwọn ọkùnrin ta tiwọn tán. Àwa obìnrin ò ta ilẹ̀ tiwa, èmi nìkan ló sì kù láyé nínú wa. Orí rẹ̀ ni mo kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé sí.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé bàbá wa, ojú oko lèèyàn ti ń rí i bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé èso àti búrẹ́dì wá, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń bèèrè ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Mò ń ṣàdúrà fún wọn, mi ò sì dáhùn. Ìfura loògùn àgbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé oògùn náà ti wọ̀ mí lára jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi, èyí tó fẹ́ràn mi jù, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ṣé ara yín le?" Létí mi, ó dà bíi pé ilẹ̀ ló ń bèèrè. Mo gbé fóònù jìnnà sẹ́nu, mo wúkọ́ tán, mo wá ní ara mi le koko.