Aṣọ Tí Ìyá Mi Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ohun tó ń lo iná nílé wa ní Ẹdẹ máa ń wọṣọ. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀, fìríìjì sì wọ èyí tó balẹ̀ dé orúnkún. Ìyá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hun gbogbo rẹ̀. Òwú tó nípọn tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa fi ń hun fìlà fún ọmọ tuntun ni wọ́n ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Aṣọ lèdìdì èèyàn. Ṣé nǹkan tó ń sìn wá tọ̀sán-tòru ò wá yẹ lẹ́ni tí à ń daṣọ bò ni?"

Èyí tó dára jù nínú àwọn aṣọ náà wà lára kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, irú èyí tó ní àpótí ńlá kan tó ń dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n rà á, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àpótí yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ lásán mọ́ lójú ìyá mi. Aláwọ̀ ewé ni aṣọ rẹ̀, ó ní ìṣẹ́tí funfun, ó sì bò ó látòkè délẹ̀, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀ níwájú, kí ìka lè dé ibi tí a ti ń tàn án. À ń lò ó o, a ò lò ó o, aṣọ náà kì í kúrò lára rẹ̀.

Èmi náà nígbà yẹn ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì. Ọdún kejì ni mo wà, ìgbà yẹn sì ni èèyàn máa ń rò pé òun mọ gbogbo nǹkan tán. "Ẹnjiníà" ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì máa ń dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Bí fóònù ẹnì kan bá ti lọ́ra, tàbí tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan kò bá dúró, èmi ni wọ́n máa pè. Mo máa ń kọ́kọ́ mi orí, màá kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà màá pa á, màá tún un tàn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi mọ́ mi lórí.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìròyìn ayọ̀ fi dé pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bímọ ní Kánádà, ọmọbìnrin, àkọ́bí rẹ̀. Ìyá mi jó yí ilé po. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Kí bàbá mi tó kú, wọ́n ti sọ orúkọ tí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá bí máa jẹ́. Ìyá mi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, wọ́n sì ní kó má jáde lẹ́nu wọn títí di ọjọ́ ìkómọ. Ìyá mi gbé orúkọ náà sínú fún ọdún púpọ̀. Wọ́n ti ń retí láti lọ pè é sí ọmọ náà létí fúnra wọn, àmọ́ físà tí wọ́n ń wá kò bọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà ló kù. Fóònù ìyá mi kò ní kámẹ́rà, ojú tèmi ti fọ́ wẹ́wẹ́, ojú ìyá mi pẹ̀lú kò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Ojú ọmọ ni mo máa wò kí n tó pè é. Mi ò lè pe orúkọ tí bàbá yín fi sílẹ̀ sí ojú tí mi ò rí."

Mo ní kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀, pé Ẹnjiníà wà nílé. Mo gbé kámẹ́rà kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà, mo ṣí bùráúsà tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ yọ, ọmọ náà yọ, ìyá mi kígbe "Ẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́!" Kí wọ́n tó gbé igbe náà sọlẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ tàn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. A tún pè. Ó tún kú. Bí a bá ń tẹ ìwé lórí rẹ̀ tàbí tí a ń fi gbọ́ orin ìjọ, kò ní ṣe nǹkan kan. Kìkì ìgbà tí a bá ṣí bùráúsà tí àwòrán sì ń rìn ló máa ń kú.

Mo ní bùráúsà náà ló burú. Mo yọ ọ́ kúrò, mo gbé e padà, ó kú. Mo gbé oríṣi mìíràn sí i, ìyẹn náà kú. Mo nu gbogbo ohun tó ti kó pa mọ́ sínú dànù, mo wá kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ títí, mi ò rí ìkankan. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé bùráúsà ayé òde òní ń jẹ mẹ́mórì ju agbára ẹ̀rọ àtijọ́ lọ. Wọ́n ní, "Kí ló jẹ tẹ́lẹ̀ tí kò kú?" Mo ní ebi ń pa mí.

Nígbà tí ó sú mi, mo gbé àpótí náà lé itan lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pólì. Ìyá mi ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kí n tó gbé e jáde, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ọ̀gá náà ṣí bùráúsà kan náà, ó sì fi fíìmù sí i. A wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kú. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn o. Ẹ lọ wo iná ilé yín." Mo pààrọ̀ wáyà iná, mo pààrọ̀ ihò ara ògiri tí wáyà náà ń wọ̀. Ìyá mi da aṣọ wọn bò ó padà, a pe Kánádà, ó kú.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá kúrò ní ẹ̀rín. Ní Ọjọ́bọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀túnla la máa kó ọmọ jáde, mo bá ìyá mi lórí àga níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé ọwọ́ lé aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ bàbá yín nìyí. Kò kú fún orin, kò kú fún ìwé, ọmọ yìí nìkan ló ń kú fún. Bóyá kì í ṣe èmi ló yẹ kí n pè é. Bóyá kí ẹbí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù wọ́n." Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wọn láyé ìgbà yẹn máa kúnlẹ̀ ni. Àánú wọn ṣe mí dọ́kàn, gbogbo gírámà tí mo kọ́ ní Pólì ò sì ràn mí lọ́wọ́.

Àmọ́ ìyá mi ní àṣà kan. Bí àdúrà bá máa wáyé nílé, gbogbo aṣọ inú pálọ̀ gbọ́dọ̀ dé inú omi: kọ́tìnnì, aṣọ orí àga, títí kan ti fìríìjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sá a. Òjò dé nírọ̀lẹ́, ó sì rọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òwú tó nípọn kì í tètè gbẹ. Bí ọ̀sán tiwa àti àárọ̀ tiwọn ṣe pàdé, tí àwọn èèyàn ń wọlé, àwọn aṣọ náà ṣì tutù lórí okùn. Ojú ti ìyá mi. Wọ́n ń sọ fún Bàbá Díákónì, aládùúgbò wa tó máa gbàdúrà, pé, "Ẹ má bínú, sà. Ìhòòhò lẹ bá wa lónìí."

Mo dúró ti kọ̀ǹpútà, òógùn bò mí. Bàbá Díákónì gbàdúrà, wọn ò sì kánjú rárá. Ẹbí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọrin lọ́hùn-ún, a gbè é níhìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ìyá mi tọ́ tiwọn wò ní Ẹdẹ. Ojú ẹ̀rọ kò ṣẹ́. Ìyá mi súnmọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ náà, wọ́n sì pe orúkọ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọmọ náà yán, ó sun oorun rẹ̀ lọ. A hó yèè! Èmi gan-an sunkún, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Oòrùn yọ lẹ́yìn náà, aṣọ gbẹ. Nírọ̀lẹ́, àlejò ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi tún pè kí a lè rí ọmọ náà dáadáa. Ìyá mi kó aṣọ wọlé, wọ́n sì da ti kọ̀ǹpútà bò ó pẹ̀lú ọpẹ́, wọ́n ní ó ṣeun. Kò pẹ́, ó kú.

Mo wo aṣọ. Mo wo ìyá mi. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, mo sì yára fà á jáde, nítorí àpótí yẹn gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná. Bùráúsà kò jẹ̀bi, iná kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ àwòrán ló ń mú ara rẹ̀ gbóná, òwú ọmọ tuntun wá sé gbogbo ihò tó fi ń mí. Tó bá ti fẹ́ jóná, á pa ara rẹ̀ kó lè sinmi. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi, ẹ̀rín mú wọn débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. "Ẹnjiníà mi! Ohun tí o wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà."

Mo ní, "Màmá, ṣòkòtò yẹn, ta ló hun ún?"

Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà. "Ṣé Kánádà tutù?" Mo ní ó tutù púpọ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tó ń lọ nìyẹn." Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń rìnrìn àjò ló bá wọn gbé e lọ, òun sì ni ẹ̀gbọ́n mi fi wé ọmọ náà ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó rí láyé.

Kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó, a ti gbé e tì. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni ìyá mi ń lò báyìí, kò sì wọ nǹkan kan. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé tirẹ̀ wá pé ó ń kú, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó tú u wò pé níbo ló ń gbé e sí nílé, kí ló sì fi bò ó. Wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọmọ náà ti tó ẹni tó ń pè wá fúnra rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé náà á wà léjìká rẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ti ń já. Kí ìyá mi tó dágbére, wọ́n á súnmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n á pe orúkọ tí bàbá mi fi sílẹ̀, wọ́n á sì dúró. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, oorun ló ń sùn. Nísinsìnyí, "Mà!" ló ń dáhùn.